Ìdákẹ́ Bàbá Ṣólàrù

"Ṣé okùn ń tẹ̀ yín dáadáa?" Ìbíyẹmí béèrè.

Àwọn ọmọ ọkẹ́sírà na ọwọ́ òsì sókè díẹ̀, kí ó lè rí okùn tín-ín-rín tó yí ọrùn ọwọ́ oníkálukú wọn ká, wọ́n sì tún dorí kodò sídìí ohun èlò wọn. Wọn ò wo ojú rẹ̀. Àwọn onífáyólìn méjì tó wà lápá ọ̀tún tilẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i pátápátá, torí ọ̀dọ̀ wọn ni atẹ́gùn tútù ti ń jáde láti inú àpáta. Kò bí i nínú. Láti ìgbà tí okùn ti dé, kí ni olórin tún fẹ́ fi ojú adarí ṣe? Ìbọ̀wọ́ tó wà lọ́wọ́ adarí, tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ni ń gbé gbogbo ohun tí ọwọ́ bá ṣe lọ sínú okùn, okùn a sì máa tẹ ọrùn ọwọ́ àwọn olórin. Bí adarí bá yára, títẹ̀ náà a yára. Bí ó bá rọra, òun náà a rọra. Èèyàn lè pẹ́ nínú ọkẹ́sírà títí yóò fi hu ewú, kó má mọ̀ bóyá adarí òun ní irùngbọ̀n.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wò ó. Bọ̀ọ̀dá Fẹ́nwá, onífèrè ìwo, ti ń fọn fèrè nínú ilé yìí kí okùn tó dé, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì kọ́ ìwà tuntun. Ó ṣẹ́jú sí Ìbíyẹmí bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Níta, fèrè oòrùn dún. Wọ́n gbọ́ bí ilẹ̀kùn irin ńlá ẹnu ọ̀nà ṣe ń ti ara rẹ̀. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún lè jáde sí ìgboro Abẹ́òkúta, nítorí ooru ọ̀sán kì í ṣe ohun tí ara èèyàn ń bá ṣeré mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ́ Ilé Ópẹrà sínú àpáta, tí gbogbo ìdánwò sì máa ń wáyé lọ́sàn-án, nígbà tí kò sí ibi tí ẹni tó bá fìdí rẹmi lè sá gbà.

"Ìyáàfin Ṣówándé," ohùn kan pe Ìbíyẹmí láti òkè.

Ìyáàfin Ọlákìítán ni, ọ̀gá tí Àjọ Ọwọ́, àwọn tó ń ṣọ́ ọwọ́ àwọn adarí tó ti kú, rán wá wo ìdánwò náà. Ó dá jókòó sí ìlà ìjókòó tó ga jù lọ, níbi tí àpáta ti fẹ́ kan òrùlé. Obìnrin àgbàlagbà ni, ó wé gèlè aró kékeré, kọ́kọ́rọ́ idẹ kan sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ orin ló mọ kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè ṣiṣẹ́ láyé rẹ̀. Bí ọ̀gá Àjọ bá fi í sínú àpótí tí wọ́n ka ìṣe ọwọ́ adarí kan sí kó tó kú, tó sì yí i, ọwọ́ òkú tó wà nínú àpótí náà á tú, kò sì ní jẹ́ òfin lórí alààyè mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá ló ń fẹ̀yìn tì tí kọ́kọ́rọ́ wọn á ṣì máa dán. Ta ló dá a láṣà láti tú ọwọ́ àgbà?

"Mo wà níbí, mà," Ìbíyẹmí dáhùn.

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ òfin, ṣùgbọ́n dandan ni kí n sọ ọ́. Ọwọ́ Bàbá Ṣólàrù ló ni ópẹrà *Ayaba Orí Òkè*. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ààyè darí rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ bá ọwọ́ Bàbá rìn ní gbogbo ibi tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Bí iná ara àpótí bá funfun títí dé òpin, ẹ gba àṣẹ. Bó bá pọ́n..."

"Ọwọ́ mi wọ àpótí, mi ò gbọ́dọ̀ darí mọ́, mo sì gba òrùka."

"Ẹ sì gba òrùka," ni obìnrin náà wí. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀.

Ìbíyẹmí mọ ọkùnrin kan ní Ṣágámù tó ti gba òrùka. Adarí tó gbóná ni tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, bó bá ti ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní ìwọ̀n kan náà níbi tí èèyàn wà, òrùka náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ké mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan tó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ́rìn-ín títí, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tún mú abẹ̀bẹ̀ lọ síbẹ̀ mọ́.

Ìbíyẹmí kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọdébìnrin tó ń dúró lẹ́yìn aṣọ ìtàgé, tó ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún akọrin tó bá gbàgbé. Ó tẹ dùùrù fún àwọn tó ń kọ́ orin títí orí ìka rẹ̀ fi yi. Ó darí ẹgbẹ́ akọrin ọmọ ilé-ìwé, ó dé orí àga adarí kejì, ó darí ní Kùtọnu, ó darí ní Lọmẹ, wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí i láti ibi tí kò mọ̀ rí. Ìgbà tó yá, ilé orin kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí wálé. Ọwọ́ òkú kì í rẹ̀, kì í pẹ́ dé, kì í bínú sí akọrin. Ìpè dín kù, nígbà tó sì yá, ó dá pátápátá. Àṣẹ ọ̀sán yìí nìkan ló kù tó lè jẹ́ kó máa gbé ọwọ́ sókè nìṣó.

"Mo ti ṣetán, mà."

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, gbogbo ilé sì pa rọ́rọ́. Nínú ilé yìí, bí ọwọ́ adarí bá ti lọ sókè, ẹni tó fẹ́ wúkọ́ a gbé ikọ́ rẹ̀ mì. Ìwà tí Bàbá Ṣólàrù kọ́ wọn nígbà ayé rẹ̀ nìyẹn, kò sì nílò àpótí kankan láti mú un ṣẹ.

Apá kìíní lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìtàn ayaba kan ni, tí omi ìlú rẹ̀ gbẹ, tí àwọn ará ìlú sì ń di ẹrù láti kó lọ. Iná tó wà lára àpótí, lára ògiri lọ́hùn-ún, funfun báláú. Nígbàkigbà tí ọwọ́ Ìbíyẹmí bá fẹ́ yà díẹ̀ kúrò lọ́nà Bàbá, ìbọ̀wọ́ náà a lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i lára, bí ìgbà tí àgbà bá rọra fi ọwọ́ kan ọmọ léjìká, yóò sì padà. Ó ń ṣe é bíi kó ṣèèṣì yà, kó kàn lè mọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀nà yẹn. Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn, bí ẹ bá ní kó má ṣí ìkòkò, ẹ ti sọ fún un pé nǹkan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yà. Apá kejì parí, iná ṣì funfun.

Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn lọ sinmi díẹ̀. Ìbíyẹmí gba yàrá Mọ́rọ̀lá lọ, ọmọbìnrin tó ń ṣe ayaba.

Ó bá a lórí ilẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àpáta tútù, aṣọ ayaba tẹ́ rẹrẹ yí i ká.

"Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní lè kọ orin yẹn."

"Èwo nínú wọn?"

"Ẹ mọ èyí tí mò ń wí. Èyí tó tẹ̀ lé Ìdákẹ́ Bàbá."

Kò sẹ́ni tí kò mọ Ìdákẹ́ Bàbá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kẹta, nígbà tí ayaba bá gun orí òkè láti lọ bẹ àwọn ará ìlú rẹ̀, Bàbá Ṣólàrù á gbé ọwọ́ sókè, kò sì ní mú un wálẹ̀. Ọwọ́ á wà níbẹ̀. Á pẹ́ tó ìgbà tí ẹni tó ti oko dé yóò wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí yóò bu omi mu, tí yóò sì wá ibi jókòó sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni orin yóò tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí wọ́n ka ọwọ́ rẹ̀ sínú àpótí, ìdákẹ́ náà bá a wọlé, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ ìwé lé e lórí. Ọ̀kan ní ikú ni, òmíràn ní àjíǹde ni, àwọn méjèèjì ò sì kí ara wọn mọ́. Àwọn tó ń fẹ́ra máa ń wá síbẹ̀ kí wọ́n lè di ọwọ́ ara wọn mú nínú rẹ̀. Ní ilé-ìwé, àwọn ọmọdé ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ ẹ, olùkọ́ sì ń fún wọn ní máàkì.

"Kí ló ṣòro níbẹ̀?" Ìbíyẹmí béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀.

"Èémí ni. Ẹ̀rọ yẹn á ti gbé mi dé orí òkè kí n tó ṣẹ́jú. Mo ti mí sínú, àyà mi ti kún, mo ti ṣetán. Màá wá dúró. Màá dúró títí, èémí yẹn á di òkúta sí mi láyà. Kí ọwọ́ tó wálẹ̀, ohùn ti fọ́. Bó ṣe ṣe ẹni tó ṣáájú mi nìyẹn, àti ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní wọn ò mọ orin kọ, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Èmi ló kàn."

"Ṣé o ò lè tún mí?"

"Wọ́n ní Ìyá Àṣàbí tó ṣe ayaba fún Bàbá kì í mí. Wọ́n ní èèyàn ò gbọ́dọ̀ gbọ́ èémí nínú Ìdákẹ́ Bàbá." Mọ́rọ̀lá fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. "Ìlẹ̀kẹ̀ yìí ń gbé ohùn mi lọ sínú àpótí, á gbọ́ mi. Iná á pọ́n mọ́ ẹ̀yin lọ́wọ́."

Ìbíyẹmí rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ rín in, ẹ̀rín ló jáde fúnra rẹ̀.

"Ìyá Àṣàbí ò mí kẹ̀? Ó ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Àtẹ̀gùn ló ń gùn."

"Àtẹ̀gùn wo?"

Ìbíyẹmí ti ilẹ̀kùn. Ó wá jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin náà.

"Ẹ̀rọ tó ń gbé ọ lọ sókè yẹn, kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Àtẹ̀gùn ni, wọ́n gbẹ́ ẹ sára àpáta, lẹ́yìn aṣọ dúdú. Orúnkún Ìyá Àṣàbí sì ti bàjẹ́. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, torí bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gba ipò ayaba lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọmọdé. Kò gbà kí n di òun lọ́wọ́ mú. Èmi ni mo máa ń dúró nídìí àtẹ̀gùn yẹn nínú òkùnkùn, pẹ̀lú áńkáṣíìfù funfun kan. Bó bá ti dé òkè, tó fara ti àpáta, tó mí títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀, màá juwọ́ sí Bàbá. Bàbá á mú ọwọ́ wálẹ̀."

Mọ́rọ̀lá wò ó títí.

"Gbogbo ìdákẹ́ yẹn?"

"Orúnkún ni."

Ẹ̀rín pa Mọ́rọ̀lá títí aṣọ ayaba fi ń gbọ̀n. "Ìwé tí mo kà nípa rẹ̀, ó ga tó báyìí," ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Ìyá Àṣàbí ní kí n má sọ, mo sì ṣèlérí fún un. Ìgbà tó wá kú lọ́yẹ́ tó kọjá, mo rò ó pé kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni màá sọ ọ́ fún? Ẹni tó bá bi mí, Ìdákẹ́ ló ń bi mí. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa àtẹ̀gùn."

"Ẹ ó wá dúró lónìí?"

Ìbíyẹmí wo ìbọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Bí mi ò bá dúró, iná á pọ́n."

"Bí ẹ bá dúró, ohùn mi á fọ́."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọmọbìnrin náà kò bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ló dun Ìbíyẹmí jù, torí bó bá bẹ̀ ẹ́ ni, ì bá rí nǹkan bínú sí. Ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó sì jáde. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù lásán, irú èyí tó máa ń ba èèyàn tí wọ́n bá fẹ́ gba oúnjẹ ẹnu rẹ̀.

Nínú ọ̀nà tóóró tó lọ sórí ìtàgé, Bọ̀ọ̀dá Fẹ́nwá ń da omi inú fèrè rẹ̀ sílẹ̀.

"O ti sọ fún un," ni ọkùnrin náà wí.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo gbọ́ ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí áńkáṣíìfù ẹ lẹ́yìn aṣọ." Ó nu ẹnu fèrè. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́, ọmọ mi."

"Bọ̀ọ̀dá, òrùka ń dúró dè mí níbẹ̀ yẹn o."

"Mo rí i. Mi ò sọ pé kí o ṣe é. Kì í ṣe ọwọ́ mi ni wọ́n máa gbà." Ó gbé fèrè sí èjìká. "Mo kàn rántí pé Bàbá ò wo iná rí. Èèyàn ló máa ń wò."

Wọ́n padà sáàyè. Àwọn olórin na ọwọ́ sókè, wọ́n fi okùn hàn, wọ́n dorí kodò. Gbogbo iná ìtàgé kú, ó ku ẹyọ kan tó tàn sí orí òkè, níbi tí ayaba yóò ti yọ. Ní ìlà òkè pátápátá, Ìyáàfin Ọlákìítán ti sún síwájú lórí àga rẹ̀. Ó ti di ojú rẹ̀. Ìbíyẹmí rí i, ó sì yé e pé ibi tí obìnrin yìí tìtorí rẹ̀ wá gan-an nìyí.

Ó gbé ọwọ́ sókè.

Kó tó ṣẹ́jú, Mọ́rọ̀lá ti wà lórí òkè. Ẹ̀rọ gbé e yọ láìdún. Àyà rẹ̀ ti kún, èjìká rẹ̀ ti balẹ̀, ó ti ṣetán bí ẹni tó fẹ́ fò sódò. Ìbọ̀wọ́ náà tutù, ó fara balẹ̀, ó ń sọ fún ọwọ́ pé kó dúró. Iná funfun.

Ìbíyẹmí rántí ọjọ́ tí òun bi Bàbá bí ó ṣe máa ń pẹ́ tó níbẹ̀. Ọmọdé ni nígbà náà, ó fẹ́ mọ gbogbo nǹkan. Bàbá ní, "Títí." Ó ní, "Títí dìgbà wo, sà?" Bàbá wò ó bí ẹni tó béèrè bóyá omi ń tutù. Ó ní, "Títí á fi dé."

Ó tún wo orí òkè. Ọmọbìnrin náà ti dé.

Ó mú ọwọ́ wálẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ gbóná lójijì bí ìdí ìkòkò. Lára ògiri, iná pọ́n. Gbogbo okùn ilé náà kú lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí iná bá ti pọ́n, àpótí kì í bá ọwọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn Mọ́rọ̀lá ti jáde. Ó jáde ní odindi, ó yí ilé náà po, ó kan àpáta, ó padà wá bá wọn. Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ orin yẹn báyìí nínú gbogbo ìgbà tí okùn ti wà.

Lábẹ́ rẹ̀, ọkẹ́sírà ń ṣubú. Àwọn onífáyólìn ń wo ọrùn ọwọ́ wọn bí ẹni tí aago rẹ̀ kú. Ọ̀kan sáré, èkejì falẹ̀, onílù ńlá dúró pátápátá.

"Ẹ gbójú sókè," Bọ̀ọ̀dá Fẹ́nwá wí, ó sì fẹsẹ̀ kilẹ̀. "Ẹ wo obìnrin yẹn. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀."

Ìbíyẹmí ti bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó ń fi ọwọ́ lásán darí, ọwọ́ tó ti ń hunjọ díẹ̀, tó ní àpá iná ìdáná kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò. Ojú kan gbé sókè, ojú kejì tẹ̀ lé e. Àwọn onífáyólìn méjì tó kọ ẹ̀yìn sí i yí àga wọn padà pẹ̀lú ariwo. Ojú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò wò ó lẹ́ẹ̀kan náà rí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í lójú. Orin náà tiro díẹ̀, ó tiro díẹ̀ sí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wọ́n sin ayaba dé ìparí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì jọ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ó ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu.

"Kí ló dé tí ẹ ò dúró?"

Ìyáàfin Ọlákìítán ti dìde lókè.

"Ẹni tí à ń dúró dè ti dé ni, mà," Ìbíyẹmí dáhùn.

"Ta ni ẹ ń dúró dè?"

"Èmi kọ́. Bàbá ni. Ìyá Àṣàbí ló ń dúró dè. Àtẹ̀gùn ló ń gùn lẹ́yìn aṣọ dúdú, orúnkún sì ń dùn ún. Bàbá ń dúró dè é kó dé òkè, kó sì mí. Èmi ni mo ń juwọ́ sí Bàbá bó bá ti dé. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀, mà. Ẹ má bínú."

Obìnrin náà di irin ìjókòó tó wà níwájú rẹ̀ mú.

"Ìyá mi ló mú mi wá síbí," ó wí. "Mo kéré. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ilé wa sì kún fún èèyàn tó ń sọ̀rọ̀, tó ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ọwọ́ yẹn dúró lókè, ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí gbogbo ayé pa ẹnu mọ́ fún mi. Mo rò pé èmi ni wọ́n ṣe é fún. Ìdí tí mo fi wọ Àjọ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án. Ẹ wá ní orúnkún ni."

Àánú rẹ̀ ṣe Ìbíyẹmí.

"Iná ti pọ́n, Ìyáàfin Ṣówándé. Mi ò lè sọ ọ́ di funfun. Ọwọ́ ara mi ni mo gbọ́dọ̀ fi gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ dúró síbẹ̀, mò ń bọ̀."

Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sí ìlà òkè yẹn. Àtẹ̀gùn àpáta ló wà níbẹ̀, ó ga, etí rẹ̀ sì ti jẹ. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ kan lára ògiri.

Ìbíyẹmí bojú wo ọkẹ́sírà. Gbogbo wọn ṣì ń wò ó. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣíwọ́. Orin tó kàn ni ti àwọn ará ìlú, nígbà tí wọ́n bá tú ẹrù wọn, tí wọ́n sì pinnu láti má lọ mọ́. Orin tó fẹ́ràn jù nínú ópẹrà náà nìyẹn. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé òun ṣì ní àyè títí tí obìnrin yìí yóò fi dé ìsàlẹ̀, pé lẹ́yìn ìyẹn òrùka ni. Bí òun bá yára, àwọn lè dé àárín orin náà.

Ó gbé ọwọ́ sókè. Ilé pa rọ́rọ́.

Ó fẹ́ mú un wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹsẹ̀ kan tó wọ́ lórí òkúta. Ìyáàfin Ọlákìítán ti dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó tẹ̀ síwájú, ó di orúnkún mú, ó tún mú àtẹ̀gùn mìíràn. Ó ṣì jìnnà. Bí orin bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn ni yóò fi gbọ́ ọ, yóò máa gbọ́ ọ bó ṣe ń wá ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí. Ọwọ́ Ìbíyẹmí kọ̀, kò wálẹ̀. Kò sí ìbọ̀wọ́ tó ń sọ ohunkóhun fún un. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni.

Ó dúró. Gbogbo wọn bá a dúró. Mọ́rọ̀lá ń mí rọra lórí òkè, ẹ sì lè gbọ́ ọ. Bọ̀ọ̀dá Fẹ́nwá ti gbé fèrè sẹ́nu, kò fọn ọ́n.

Ní àárín àtẹ̀gùn, obìnrin náà gbé orí sókè. Ó ti gbọ́ ọ. Ó wo ọkẹ́sírà tó dákẹ́, ó wo ọwọ́ lásán tó wà lókè, ó wo ojú Ìbíyẹmí, ojú náà kò kúrò lára òun. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń dúró dè. Kò sí ẹnì kankan. Ìgbà náà ló fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kò sì kánjú mọ́. Ó dé ìsàlẹ̀, ó wá sí àga tó wà níwájú ọkẹ́sírà, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó mí.

Ìbíyẹmí mú ọwọ́ wálẹ̀.

Wọ́n kọ orin náà dé òpin. Nígbà tó parí, Ìyáàfin Ọlákìítán na ọwọ́, Ìbíyẹmí sì fi ìbọ̀wọ́ lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà ká a, ó tì í bọ inú àpò rẹ̀ bí òfin ṣe wí. Ó wá fi ọwọ́ ti àga, ó dìde, ó tiro lọ sídìí àpótí tó wà lára ògiri, ó sì bọ́ okùn kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn.

"Orúnkún wo ló ń dun Ìyá Àṣàbí?" ó béèrè láìbojú wẹ̀yìn.

"Tọ̀tún ni, mà."

"Tọ̀tún lèmi náà," ó wí, ó sì yí kọ́kọ́rọ́.